Ìbéèrè Tí Ẹ Ní Kí N Bi Sàdíìkì

Máfolúkù, Òṣòdì.

Bàbá Lateefah, ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ṣé òtútù Ìlú Ọba ò yọ yín lẹ́nu jù? Màámi ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, àmọ́ orúnkún ṣì ń dùn wọ́n. Ẹ bá wọn fi òróró ìpara yẹn ránṣẹ́. Lateefah yín wà lọ́dọ̀ mi ní àlàáfíà.

Èmi àtàwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ti dé láti Rùwáńdà, níbi tí a ti lọ wàásù. Wọ́n mú wa lọ sílé ìrántí àwọn tí wọ́n pa nítorí ẹ̀yà wọn. Fọ́tò àwọn ọmọdé wà lára ògiri, wọ́n kọ oúnjẹ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan fẹ́ràn sábẹ́ ẹ̀. Mo sunkún gan-an.

Láti ibẹ̀, a lọ sọ́jà. Mo ń ná apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin kan. Bí a ṣe ń ṣe l'Óṣòdì kí wọ́n lè dín owó kù, mo rẹ́rìn-ín, mo fi Gẹ̀ẹ́sì bi í pé, "Màámi, ẹ̀yà wo ni yín?"

Ó ní, "A kì í bi ara wa bẹ́ẹ̀ mọ́." Ó gbé apẹ̀rẹ̀ náà fún mi ní iye tí mo dá, kò sì wojú mi mọ́. Omijé ò tíì gbẹ lójú mi tí mo fi bi í!

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní kí n bi Sàdíìkì tó fẹ́ fẹ́ Lateefah pé ẹ̀yà wo ló jẹ́. Ó wá kí wa lánàá. Mo bi í pé ṣé ó ti jẹun. Ẹ má bínú, mi ò ní bi í ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí Ọlọ́run mú yín wálé láyọ̀, kẹ́ ẹ wá rí i fúnra yín.

Àbúrò yín,
Àjíbíkẹ́