Ọmọ Ehoro Inú Kọ́mú Mi

Ọjọ́ Àìkú, Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Ọyẹ́ mú gan-an.

Inú ṣì ń bí mi díẹ̀.

Láàárọ̀ ni mo bá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ehoro tí mò ń sìn níta àpótí tí ìyá wọn bí wọn sí. Ìhòòhò ni wọ́n ń wá sáyé, ọyẹ́ sì ti mú eléyìí títí ó fi gan. Bọ̀ọ̀dá Dípọ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó wá kí wa láti Òṣogbo, ní, "Ìyàwó, ó ti kú. Jù ú sígbó. Ṣebí mo sọ fún ọ pé ehoro ò ṣe é sìn nínú ọyẹ́?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó gbóná ná, Bọ̀ọ̀dá. Tó bá gbóná tán tí ò mira, a ó sin ín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo fi aṣọ rírọ̀ wé e, mo tì í bọ inú kọ́mú mi, ó di ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀run àpáàdì ni oníwàásù ń ṣàlàyé lọ́wọ́ tí nǹkan fi tasẹ̀ lọ́mú mi. Mo pariwo "Halelúyà!" Gbogbo ìjọ yíjú wò mí.

Lẹ́yìn ìsìn, Bọ̀ọ̀dá ní, "Kí ló ṣe ọ́?"

Mo ní, "Òkú yín ló jí, sà."

Mo ti dá a padà sáàárín irun tí ìyá ẹ̀ fà tu láyà ara ẹ̀ fún wọn. Kí ọyẹ́ máa fẹ́ lọ. Ìyá ẹ̀ láyà, èmi náà láyà.