Nítorí Oorun Ọ̀sán, Wọ́n Fẹ́ Gbé Àkànní Kúrò Lọ́dọ̀ Mi

Mo purọ́ fún ìyàwó ọmọ mi, irọ́ náà ti wá hùwo, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa gé e... Ṣùgbọ́n inú ń bí mi o, ẹ̀yin òǹkàwé, inú ń bí mi gan-an, torí òun ló kọ́kọ́ fà á.

Àgbà ni mí, Primary Four ni mo ti sá kúrò ní school. Ilé ọmọ mi ní Mowe níbí ni mò ń gbé. Tírélà lọmọ mi ń wà, kì í sábà sí nílé. Ìyàwó rẹ̀ ní tiẹ̀ á ti jáde lọ síbi iṣẹ́ ní Ìkẹjà kílẹ̀ tó mọ́, ó dalẹ́ kó tó dé. Èmi ni mò ń tọ́jú Àkànní, ọmọ-ọmọ mi, tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Òfin tí ìyá rẹ̀ fi lélẹ̀ ni pé ọmọ náà ò gbọdọ̀ fojú kan oorun lọ́sàn-án. Ó ní tó bá sùn lọ́sàn-án, kò ní jẹ́ kóun sùn lóru, òun sì gbọ́dọ̀ jí lọ síbi iṣẹ́. Ṣé ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò lọmọ náà ni? Ìyàwó mi tó ti dolóògbé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tọ́mọ bá ti sùn lọ́sàn-án, ọpẹ́ ló ń dá, á ní ọmọ òun ń dàgbà. Bàbá Àkànní yìí gan-an, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló sùn sí nínú ọkọ̀ ojú irin láti Ifo dé Ìbàdàn. Tí ọkọ̀ bá fọn fèrè, á hanrun dá a lóhùn, títí dẹ́rẹ́bà fi bọ́ sílẹ̀ wá bẹ̀ wá. Ìyá Ṣèyí, aránṣọ tó wà lójúlé kejì, tọ́mọ tiẹ̀ bá ti sùn báyìí, ìdí máṣíìnì ló ń sáré lọ, ó ní oorun ọmọ ni apprentice òun. Ìyàwó ọmọ tèmi nìkan ló ń wo oorun ọmọ bí ohun tí wọ́n jí lápò rẹ̀.

Mo máa ń jẹ́ kó sùn o. Tí oòrùn bá ti mú, tóorun ń kùn ún, tó gbórí lé mi lẹ́sẹ̀... ta ló lọ́kàn àtijí i? Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ gbọ́n. Tó bá dé, kó tó bọ́ bàtà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ló ń wò bóyá àpá ẹní wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó rí i, mo ní èèrà lọmọ dojú bolẹ̀ ń kà. Látìgbà náà, orí àyà mi ló ń sùn sí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló bi mí pé, Daddy, ọmọ tí kò sùn lọ́sàn-án, kí ló dé tójú rẹ̀ ń dán báyìí? Mo ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló bá a ṣeré látàárọ̀, eré ló ṣì wà lójú ẹ̀. Ọmọ Ìyá Ṣèyí àtọmọ mẹkáníìkì àdúgbò wa ni mò ń wí o. Ló bá kúnlẹ̀, ó ní ẹgbẹ́ wo, Daddy? Ẹgbẹ́ ọ̀run? Ká ní mo ti sọ pé rárá nígbà yẹn... Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, ẹnu sì ń yún mi. Mo ní mẹ́ta ni wọ́n, mi ò rí ẹsẹ̀ wọn nílẹ̀, ọ̀kan tiẹ̀ kí mi pé ẹ kú ìjókòó.

Ó ti gbé ọ̀rọ̀ lọ bá pásítọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ń gbé ọmọ lọ ṣe àìsùn, láti ibẹ̀ ó di ọ̀dọ̀ ìyá ìyàwó ọmọ mi ní Ifo, kò sì ní padà wá mọ́, wọ́n ní ẹgbẹ́ ti mọ ilé yìí. Àìsùn! Ọmọ tí wọ́n ń fi oorun dù, àìsùn ni wọ́n tún fẹ́ fi wò ó. Tí mo bá sì jẹ́wọ́, á mọ̀ pé ojoojúmọ́ ló ń sùn, kò tún ní fi í sílẹ̀ fún mi láé. Èwo ni kí n mú?

Ẹ má bínú bí ìwé mi bá wọ́, orí àyà mi ni Àkànní sùn sí báyìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo fi ṣe tábìlì, tó bá ti mí, bírò á yẹ̀. Oòrùn ti ń wọ̀, ìyá rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà. Ṣé kí n jí i ni? Ṣé kí n jẹ́wọ́? Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ̀yin ni mò ń bi... Ẹ dá mi lóhùn, àmọ́ kẹ́ ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́.