Olùkọ́ Tó Fi Àwọn Ará Ilé Sórí Máàpù Ogun

Ìlú Ọ̀rẹ̀ ni a ti bí bàbá wa, Akínfẹ́mi Ògúnbọ̀dé, ní ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún ọdún 1956. Jùmọ̀ Ògúnbọ̀dé, onígẹdú, ni bàbá wọn. Adéfúnkẹ́ ni ìyá wọn. Nígbà tí ogun dé Ọ̀rẹ̀ ní 1967, ìdílé náà gba inú igbó sá lọ sí Oǹdó. Ọmọlanke ni wọ́n fi gbé ìyá àgbà tí kò lè rìn mọ́. Bàbá kì í sábà sọ ọ̀rọ̀ yìí.

Oǹdó ni wọ́n ti ka ìwé mẹ́wàá. Ní 1979, wọ́n wá sí Berlin láti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìtàn ogun ní yunifásítì, wọ́n sì ń fọ àwo ní ilé kọfí kan ní Kreuzberg, àdúgbò kan níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé màmá wa, Roseline, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Màmá ní àwo tí Bàbá ń fọ̀ kì í tán, nítorí bí àríyànjiyàn bá ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ wọn á dúró. Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1984.

Ní 1991, ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ di ọ̀gá ológun ní Hamburg gba Bàbá síṣẹ́, a sì kó lọ sí àdúgbò Lurup níbẹ̀. Nígbà náà, ọjọ́ ogun, orúkọ aṣẹ́gun àti ọfà tó ń tọ́ka ọ̀nà àwọn ọmọ-ogun lórí máàpù ni gbogbo ẹ̀kọ́ ìtàn ogun níbẹ̀. Bàbá kò yọ ìkankan kúrò. Wọ́n kàn ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ilé kan ní abúlé tí ọfà náà gbà kọjá, kó sọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀, ẹni tí kò lè rìn, ibi tí wọn yóò gbà sá, àti ẹni tí yóò bọ́ màlúù. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn a máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀: “Ọ̀gbẹ́ni Ògúnbọ̀dé, ṣé alásè là ń kọ́ níbí ni?” Bàbá á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí onítọ̀hún náà mú ilé kan.

Ní 2006, ọ̀gá tuntun fagi lé ẹ̀kọ́ Bàbá nípa àwọn ará ilé yìí, ó ní kò sáyè fún un. Ó dùn wọ́n wọra. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ bọ́ọ̀sì wá sí pálọ̀ wa ní ọjọ́ Sátidé. Máàpù gba gbogbo orí tábìlì, orí itan la ti ń jẹun, Màmá sì ń din dòdò fún gbogbo wa. Nígbà tó yá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn tó ti lọ sójú ogun dé, wọ́n lọ bá àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Vincent, ọ̀kan nínú wọn, sọ fún wọn pé, “Ilé ni mo kọ́kọ́ ń wò kí n tó wo ojú ọ̀nà.” Wọ́n dá ẹ̀kọ́ náà padà ní 2008. Láti 2014, kò sí ẹni tó lè jáde níbẹ̀ láìṣe é.

Díákónì ni Bàbá ní ìjọ Aládùúrà wa. Àìmọye àlejò ni wọ́n bá lọ sí Ausländerbehörde, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ìwé ìgbélùú àwọn àjèjì, wọn kì í sì í fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ títí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ yóò fi pe nọ́ńbà rẹ̀ lórí ìlà.

Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ní 2021, ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ wọ́n lọ́kàn: ta ni yóò máa kọ́ ẹ̀kọ́ yìí? Ní oṣù kẹta ọdún yìí, Nàfísàt, akẹ́kọ̀ọ́ wọn àtijọ́ tó ti di ọ̀gá ológun, wá bá wọn ní ọsibítù tí wọ́n ti ń gba ìtọ́jú, ó ní òun ni ilé-ẹ̀kọ́ gbé ẹ̀kọ́ náà fún. Bàbá bi í pé, “Ṣé yàrá tí wọ́n fún ọ gba tábìlì ńlá?” Ó ní, “Ó gbà á, sà.” Bàbá ní, “Ó dáa.” Ní ọjọ́ kejì, wọ́n dákẹ́.

Wọ́n fi Màmá sáyé lọ, àti àwa ọmọ: Ìníolúwa, Ezra àti Ayọ̀níkẹ́, àwọn ọmọ-ọmọ márùn-ún, àti àbúrò wọn, Àǹtí Bukky, ní Berlin.

Bàbá, iṣẹ́ yín ti rí ẹni gbà á. Ẹ má ṣàníyàn mọ́. Kí Olúwa tó pè yín gbà yín tọwọ́-tẹsẹ̀. Ẹ sùn re o.