Má Tíì Fọwọ́ Kan Táyà Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Náà

Ofè, ní Ṣábẹ̀ẹ́,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oṣù kejì, ọdún 1978

Ọmọ mi Célestin,

Kí ìwé yìí bá ọ lórí ìdúró, kó má bá ọ lórí ẹní àìsàn. Olúwa tó gbé ọ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kútọ̀nú láìséwu, Òun náà ni yóò gbé ọ padà fún wa. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ewúrẹ́ rẹ bí méjì, ọ̀kan kú, a sì ń dúpẹ́ lórí èyí tó kù. Ọyẹ́ mú débi pé ètè gbogbo wa ti bó, ṣùgbọ́n a wà láàyè. Ehuzu dandan, ìyípadà di dandan, gẹ́gẹ́ bí ìjọba ṣe ní ká máa kí ara wa. Mo kọ ìyẹn síbẹ̀ nítorí mi ò mọ ẹni tó lè ṣí ìwé yìí lójú ọ̀nà. Bí ẹnì kan bá ń kà á tí kì í ṣe Célestin, mo kí i, mo kí aya àti ọmọ rẹ̀, kó mọ̀ pé èmi Tìmóthì kò bá ìjọba jà rí, mi ò sì ní í bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Ọ̀rọ̀ táyà ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Nígbà tí ọkọ̀ ìjọba tí ò ń wà kú sọ́dọ̀ wa, tí ẹ tì í wá sábẹ́ igi máńgòrò, tí o sì ń lọ wá ohun tó bàjẹ́ nínú rẹ̀ ní Kútọ̀nú, o ní, "Bàbá, ẹ̀rù ọkọ̀ kọ́ ló ń bà mí, táyà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni. Wọ́n ń jí i. Ẹ bá mi ṣọ́ ọ, bó bá sọnù, èmi ni wọn yóò mú." O sọ ọ́ tán, o wọkọ̀, o lọ. O fi ẹ̀rù náà sílẹ̀ fún mi, mo sì ti ń bá ọ bà á láti ọjọ́ mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn.

Mo ti wo táyà yìí títí. Mẹ́rin wà nílẹ̀ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, ìkarùn-ún wà lẹ́yìn ọkọ̀ tí wọ́n pọ̀n ọ́n bí ọmọ, kì í rìn, kì í sáré, òun gan-an sì ni olè ń fẹ́. O ní orúkọ rẹ̀ lédè Faransé ni táyà ìrànlọ́wọ́. Olùrànlọ́wọ́ wo ló wá jẹ́ pé àwa là ń ṣọ́ ọ? Ẹni tó ṣe ọkọ̀ yìí kò bá obìnrin lọ sọ́jà rí. Ká ní ó bá wọn lọ ni, yóò mọ̀ pé ohun tó bá wà lẹ́yìn ẹni, ọwọ́ ẹlòmíràn ló sún mọ́ jù. Bá mi sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ kí wọ́n gbé e síwájú, níbi tí ojú awakọ̀ yóò ti máa tó o. Ṣùgbọ́n fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, má sì sọ pé èmi ni mo ní kó o sọ ọ́.

Okùn ewúrẹ́ ni mo kọ́kọ́ fi dè é mọ́ igi máńgòrò, ewúrẹ́ jẹ ẹ́. Ìyá rẹ wá mú ọ̀já tó fi pọ̀n ọ́ jáde láti inú àpótí, ó dì í mọ́ táyà náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní kò sí olè tó lójú àtitú ọ̀já ìyá ọlọ́mọ. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò tú u. Nígbà náà ni Lùkúmọ́nù tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìkòríta wá wò ó. Ó ní ọ̀nà mẹ́ta ni òun rí tí wọ́n ń gbà tì í ní Parakou. Àwọn kan ń ki ṣéènì bọ inú ihò irin táyà, wọ́n á fi àgádágodo tì í mọ́ irin ilẹ̀kùn ọkọ̀. Mo ní ṣéènì kan ṣoṣo tó wà ní Ofè ni ti garawa kànga, ṣé ká má mumi mọ́ ni? Ó ní àwọn mìíràn ń fi òòlù lu ẹnu irin tí nọ́ọ̀tì wà lára rẹ̀, kí nọ́ọ̀tì má lè jáde mọ́ láé. Mo bi í bóyá Célestin á lè tú u lọ́jọ́ tó bá nílò rẹ̀, ó ní rárá, ẹni tó ṣe ọkọ̀ pàápàá kò lè tú u. Mo gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni nọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ olówó rẹ̀ nìkan ló ń ṣí i, kì í dá ẹlòmíràn lóhùn. Ìyẹn ló wù mí. Ra ọ̀kan bọ̀, ṣùgbọ́n dì í mọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀ kó o tó sanwó, kó mọ̀ ọ́ dáadáa, kó má wá di pé nígbà tẹ́ ẹ bá dé Ofè, yóò ní òun ò mọ̀ ọ́ rí.

Célestin, ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ìròyìn dé pé wọ́n ti tú táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ kan lọ ní Kaboua, lọ́sàn-án gangan, níbi tí awakọ̀ ti ń jẹun. O mọ̀ pé bí èèyàn bá to igi ìdáná sẹ́bàá ọ̀nà oko nílẹ̀ wa, tó sì pa àálè sí i, kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án, bí ẹni tó ni ín kò bá tiẹ̀ dé fún oṣù mẹ́ta. Mo mú ṣùkù àgbàdo, àtẹ́lẹ̀ bàtà àtijọ́, àti òòyà ìyá rẹ, mo fi àkísà pupa so wọ́n mọ́ táyà. Òòyà náà kò ṣẹ́ tẹ́lẹ̀, èmi ni mo ṣẹ́ ẹ, nítorí mi ò rí àálè tí wọ́n fi odindi òòyà pa rí. Alàgbà ìjọ sì ni mí, mi ò fẹ́ pe ohunkóhun. Ṣùgbọ́n àálè tí a kò sọ̀rọ̀ sí, pàǹtírí lásán ni. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo ní, "Ẹni tó bá fọwọ́ kan táyà yìí, kó rí ohun tí yóò rí." Ìyàwó pásítọ̀ ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, mi ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó sì ṣiṣẹ́. Àwọn tó máa ń gba àgbàlá wa kọjá wá ń gba ẹ̀yìn ilé pásítọ̀. Lùkúmọ́nù fúnra rẹ̀ kò wá gba òòlù rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú ni Kamaráàdì Antoine dé, olórí ìgbìmọ̀ ìjọba níbí, ọmọ tí mo jẹ iyọ̀ ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Ó rí àálè, ó fẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Ó ní, "Bàbá, ọkọ̀ ìjọba nìyí. Bí àwọn ọ̀gá ẹkùn wa bá ti Abomey dé lọ́jọ́ Sátidé, tí wọ́n bá nǹkan yìí lára rẹ̀, wọ́n á ní a ṣì wà nínú òkùnkùn àtijọ́, orúkọ Célestin ni wọ́n á sì kọ sílẹ̀." Mo bẹ̀ ẹ́ pé òun tó mọ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kó bá mi já a, ṣebí ọwọ́ rẹ̀ ló sún mọ́ ọn. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó tì í bọ àpò. Ó ní ẹni tó so ó ni kó tú u.

Mo ṣì ń ro ìyẹn lọ́wọ́ nígbà tí Àbíbù, tó ń kó ẹ̀wà lọ tà ní Kútọ̀nú, mú iṣẹ́ rẹ dé lánàá, pé o ti rí ohun ọkọ̀ náà, pé o ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, àti pé ohun tí o máa kọ́kọ́ ṣe ni kí o tú táyà ẹ̀yìn, kí o fi rọ́pò ọ̀kan tó ti gbó níwájú. Òkèlè bọ́ lọ́wọ́ mi. Célestin, mo ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án. Mi ò ní àyàfi ọmọ mi. Mo gbàgbé rẹ. Èyí tó sì burú jù ni pé mi ò mọ ohun tí mo ní kí o rí. Ká ní ẹsẹ̀ ni mo dárúkọ, a ó mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń to eegun là ń lọ. Ká ní inú rírun ni, ewé rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé. Ohun tí yóò rí ni mo sọ, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lùkúmọ́nù ní ẹni tó ni nǹkan nìkan ni àálè ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ta ló wá ni táyà? Ìjọba ni. Ṣé kí n ní kí ìjọba wá láti Kútọ̀nú wá tú àkísà ni?

Mo rìn lọ sí pọ́ọ̀sì, ilé ìfìwéránṣẹ́, ní ìlú Ṣábẹ̀ẹ́ láàárọ̀ yìí láti fi tẹlifóònù sọ fún ọ pé kó o má wá. Obìnrin kan wà nínú rẹ̀. Mo kí i, mo béèrè ọkọ, mo béèrè ọmọ, kò dáhùn, ó ní kí n mú nímérò wá. Nímérò kan ṣoṣo tí mo mọ̀ lórí ni èyí tí wọ́n kọ sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ, mo kà á fún un. Ó ní kò sí irú rẹ̀. Mo ní ó wà, abẹ́ igi máńgòrò mi ló wà, mo sì tún un kà. Ó bá lọ. Wọn ò dá owó mi padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé, kí Àbíbù lè mú un wá bá ọ lọ́la. Bí o bá dé, dúró lókèèrè, kí táyà náà bí o bá fẹ́, ṣùgbọ́n má fọwọ́ kàn án. Mo bẹ̀ ọ́, èmi tí mo bí ọ.

Ọjọ́rú, àárọ̀

Mi ò tíì lẹ ìwé yìí. Mo rò ó wò, mo mọ̀ pé o ò ní í gbọ́. O ti lọ ilé ìwé Faransé, o máa rẹ́rìn-ín, o sì máa fọwọ́ méjèèjì dì í mú. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ní kó o má fọwọ́ kan ajá ọdẹ nígbà tó o wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, àpá rẹ̀ ṣì wà lára rẹ.

Nítorí náà, nígbà tí ìyá rẹ lọ pọnmi, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ ìsìn mi, mo ka Àdúrà Olúwa lẹ́ẹ̀mejì, mo lọ bá táyà náà. Mi ò ní í parọ́ fún ọ, mo dúró síbẹ̀ títí oòrùn fi mú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yí padà sílé. Ẹ̀yìn náà ni mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé e pátápátá, kó má ṣẹ́ kù fún ẹlòmíràn, mo ní, "Èmi ni mo sọ ọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni ì bá rí, èmi ni kí n rí i." Mo já ṣùkù, mo já bàtà, mo já òòyà. Mo dijú. Nígbà tí mo lajú, ìyá rẹ ni mo rí, ó dúró tòun ti omi lórí, ó ń bi mí pé kí ló dé tí mo wọ aṣọ ìsìn tí mo dì mọ́ táyà.

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó sọ omi kalẹ̀. Ó ní òun ti rí òòyà òun níbẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀, òun sì ti mọ̀ pé ẹ̀rù mi ló tún dé, àti pé láràárọ̀ tí mo bá lọ sí àdúrà ni òun ń nu eruku ọyẹ́ kúrò lára táyà náà, nítorí ohun ọmọ òun ni. Láràárọ̀, Célestin, tàálè-tàálè lára rẹ̀. Mo wo obìnrin náà látòkè délẹ̀. Orúnkún rẹ̀ nìkan ló ń dùn ún, ìyẹn sì ti wà kí ọkọ̀ tó dé. Síbẹ̀, ẹ̀rù ṣì ń bà mí díẹ̀. Bóyá ìpín tèmi ṣì wà lọ́nà. Bó bá wà lọ́nà, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ rẹ. Máa bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀já ìyá rẹ nìkan ló kù lára táyà, èmi náà jókòó tì í, ibẹ̀ ni mo ti ń kọ eléyìí.

Bí o bá ń bọ̀, mú ṣéènì àti àgádágodo dání, àti nọ́ọ̀tì tó mọ̀ ọ́, àti òòyà tó le fún ìyá rẹ. Mú ẹgbẹ̀rún méjì fráǹkì wá fún èmi náà, nítorí owó tẹlifóònù tó gbé, àti ohun tí mo máa fi bẹ Lùkúmọ́nù kó wá gba òòlù rẹ̀. O ní inú báńkì ni owó oṣù rẹ wà. Kí àwọn ará báńkì náà dáadáa kó o tó béèrè, kí wọ́n má rò pé a ò kọ́ ọ nílé.

Èyí tó kù yìí, mo fara balẹ̀ sọ ọ́, ẹnì kankan ò sì bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ bá kàn, Célestin, ire ni kí o rí níbẹ̀. Mo sì dárúkọ ire náà: ẹsẹ̀ tó dá ṣáṣá, inú tí kì í run, ọkọ̀ tó ń gbéra, àti ilé tí o máa bá wa nínú rẹ̀ láàyè. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Tìmóthì