Ìyẹ́ Apá Ọ̀gá Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, ẹyinjú mi,

Ṣé ara rẹ dá ṣáṣá? Èmi wà láàyè, maṣíìnì ìránṣọ mi náà wà láàyè, àfi abẹ́rẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ aṣọ oníbàárà. Ọlọ́run tó mú ẹ dé ìlú ńlá kò ní jẹ́ kí o sọnù síbẹ̀. Òrùlé wa ṣì ń jò. Bàbá rẹ ní kí n má sọ fún ẹ, mo sì ti sọ ọ́ báyìí.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní ọ̀gá rẹ, obìnrin tó ni ilé ìtẹ̀wé tí o ti ń ṣiṣẹ́, ń kọ́ ẹ ní àkànlò èdè àti òwe Gẹ̀ẹ́sì ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, o wá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ lẹ́tà náà látòkèdélẹ̀ kí n lè mọ̀ pé ó ti wọ̀ ẹ́ lára. Káfíńtà ẹ̀gbẹ́ ilé wa ló fi ìwé atúmọ̀ èdè kà á fún mi ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ibi tí o ti ní ilé tí o háyà gba apá kan àti ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ, mo figbe bọnu. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo rán búláòsì alápá kan fún ẹ. Káfíńtà náà ti gé igi ẹsẹ̀ rẹ, ó kàn ń dúró kí n sọ bóyá ọ̀tún ni tàbí òsì. Nọ́ọ̀sì tó wá gba aṣọ tó fún mi rán ló rẹ́rìn-ín títí, ó ní owó ilé ló wọ́n, kò sí ohun tó ṣe ẹ. Ó ní bí àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe rí nìyẹn, ohun tí wọ́n sọ kọ́ ni wọ́n ń sọ, ẹnìkan ò sì gbọdọ̀ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Irú èdè wo nìyẹn? Tiwa ṣe kedere. Bí mo bá ní ẹnìkan ta téru nípàá, ta ni yóò máa wá téru kiri?

Ó dáa. Kí ni ti ìyẹ́ wá jẹ́? O ní ọ̀gá rẹ gbé ẹ sábẹ́ ìyẹ́ apá rẹ̀, o tún ní ìwọ ni èso tó wà nínú ojú rẹ̀. Kó tètè lọ rí dókítà ojú. Láti kékeré ni mo ti ń pè ẹ́ ní ẹyinjú, ẹnikẹ́ni ò bi mí pé adìyẹ wo ló yé e. Mi ò ní purọ́ fún ẹ, mò ń jowú obìnrin yẹn. Ẹ̀yìn mi ni mo fi pọ̀n ẹ́, mò ń tẹ maṣíìnì, ìwọ ń sùn, kò sí ìyẹ́ níbẹ̀. Ẹnu mi lo ti kọ́kọ́ gbọ́ òwe. Bí mo bá sọ ìdajì, ìwọ lo máa ń parí rẹ̀ kí n tó já òwú.

Èyí tó wá dùn mí jù ni òwe tí o fi parí lẹ́tà náà: ohun tí ojú kò bá rí, ó ti kúrò lọ́kàn. Mo sáré gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì, mò ń gbàdúrà lọ́nà pé kó jẹ́ àkànlò èdè, kó jẹ́ pé ohun tó sọ kọ́ ló ń sọ. Nọ́ọ̀sì wolẹ̀. Ó ní òwe ni eléyìí, bó ṣe sọ ọ́ náà ló rí.

Mo ti rán apá kejì mọ́ búláòsì náà, àmọ́ aṣọ ti tán, àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ kí ọ̀gá rẹ rí i. Bá wa wá owó páànù. Kí o sì fi ọwọ́ ara rẹ parí èyí fún mi, ní èdè tí mo kọ́ ẹ: bí òkété bá dàgbà tán... Má bi ọ̀gá rẹ o. Kò mọ̀ ọ́n.

Kí Ọlọ́run bá mi ṣọ́ apá rẹ méjèèjì, kó ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tí kò ní ìyẹ́.