Nígbà Tí Wọ́n Bá Ní Kí Àlejò Dìde

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àbójútó gbogbo wọn, ẹ sì kú àfojúsọ́nà èmi tí mo lọ tí n kò tètè bọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún yín láti Ìdànrè níhìn-ín. Mo kí Bàbá Àgbà, mo kí Ìyá Kékeré, mo kí Délé àbúrò mi tí yóò bá yín ka lẹ́tà yìí. Délé, kà á sókè kí gbogbo ará ilé gbọ́. Má fo ibì kankan.

Ìyá mi, lọ́jọ́ tí ẹ pè mí lórí fóònù, ẹ bi mí bóyá àwọn ará ibí ti gbà mí bí ọmọ tiwọn. Mo ní n kò gbọ́, pé nẹ́tíwọ̀kì kò dára. Irọ́ ni mo pa. Mo gbọ́ yín ketekete, lẹ́tà yìí sì ni èsì mi.

Nígbà tí mo ń kúrò ní Kétu, ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni pé Yorùbá ni wọ́n, Yorùbá ni àwa náà. Mo ní bodè tó wà láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì lásán ni mo fẹ́ kọjá. Àṣé àwọn àgbà ibí ní èdè tiwọn. Bí wọ́n bá ń sọ ọ́ láàárín ara wọn, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níhìn-ín, ẹyọ kan lọ́hùn-ún ni mo máa ń ṣà. Bí èmi náà bá sì lanu, wọn a rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ tí mo dé, mo ní kí wọ́n bá mi pe sémíjàn tí yóò gbé mi lọ sí Atosin. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ bi ara wọn pé irú àìsàn wo nìyẹn. Ọ̀kadà ni wọ́n ń pè é níbí. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ mi ti di Kútọnu, èmi tí n kò dé Kútọnu ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láyé mi. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, àwọn wọ̀nyí, bọ́dà ni wọ́n wò. Àkànbí tí ẹ ń pè mí, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n níbí.

Iṣẹ́ ń lọ, a dúpẹ́. Oko kòkó tí mo ń bá olóko ṣe so dáadáa lọ́dún yìí. Èmi nìkan ni mo ń ká a, èmi nìkan ni mo ń fọ́ ọ, mo sì ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ díẹ̀ kí n tó sá a. Òjò ibí kò ṣeé bá ṣàdéhùn. Òkè àpáta ló yí wa ká, bí oòrùn bá ti lọ sẹ́yìn wọn báyìí, ọjọ́ ti parí nìyẹn. Ajá olóko ni mo máa ń bá sọ̀rọ̀ nínú ahéré. Òun nìkan ló gbọ́ èdè Kétu ní gbogbo Ìdànrè.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan ní Odode. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, alàgbà ní kí àwọn àlejò dìde. Mo dìde, wọ́n kọrin fún mi, wọ́n sì bọ̀ mí lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún ní kí àlejò dìde. Mo tún dìde. Ta ló ti di ọmọ onílé láàárín ọjọ́ méje? Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń dìde fún oṣù mélòó kan. Àlejò lójú, kò fi ríran: ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni wọ́n ń pè, kì í ṣe ẹni tó ti ìlú mìíràn wá. Ojú ń tì wọ́n láti sọ fún mi ni.

Ẹ má bínú, ìyá mi. Nígbà tó wá yé mi, n kò jókòó, mo ṣì ń dìde. Láti ọjọ́ Ajé títí di Sátidé, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn mí. Ọwọ́ tí wọ́n ń bọ̀ mí yẹn ni mo ń tìtorí rẹ̀ rìn wá láti oko.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí mo ṣe ń dìde, ìyá àgbàlagbà kan tó máa ń jókòó sẹ́yìn mi fa aṣọ mi. Ó ní àlejò wo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn àlejò gidi ti Owena dé, wọ́n wà lórí ìdúró níta, kí ni mò ń wò tí n kò lọ gbé bẹ́ńṣì fún wọn. Ó le mọ́ mi bí ẹni pé òun ló bí mi. Mo ti gbé bẹ́ńṣì kan lé èjìká kí n tó rántí pé èdè ìlú wọn ló fi bá mi wí, gbogbo rẹ̀ ló sì yé mi.

Bẹ́ńṣì mẹ́fà ni mo gbé. Kò sẹ́ni tó dúpẹ́. Nígbà tí mo padà, àlejò kan ti jókòó sáyè mi, mo sì dúró lẹ́yìn títí ìsìn fi parí. Wọn kò kọrin fún mi, ẹnikẹ́ni kò bọ̀ mí lọ́wọ́. Inú mi dùn, àmọ́ mo sunkún dé oko. Ó dùn mí pé n kò ní rí àwọn ọwọ́ yẹn mọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ìgbà tí mo wá sílé kẹ́yìn. Ẹ pa adìẹ fún mi. Ẹ fi ife gíláàsì bu omi fún mi, èyí tí ẹ kì í gbé jáde fún ará ilé. Délé lé àwọn ọmọ kúrò lórí àga, ó ní kí àlejò rí ibi jókòó. Mo gbé korobá kí n lọ pọnmi, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyá mi, bí mo bá jẹ́ àlejò níbí, tí mo tún jẹ́ àlejò lọ́dọ̀ yín, níbo ni kí n jókòó sí?

Bí kòkó bá ti tán nílẹ̀, mò ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa adìẹ. Kí ẹ tó béèrè àlàáfíà ọ̀nà, ẹ pariwo lé mi lórí pé Àkànbí, ṣé o kò rí i pé omi ti tán nínú àmù ni?

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí fún mi. Ẹ ó jèrè gbogbo wa, ẹ kò ní fi ojú sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé, ẹ sì sọ fún wọn pé lọ́jọ́ tí mo bá dé, kí ẹnikẹ́ni má pọnmi sílẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Àkànbí