Bàtà Ọkọ̀ Tuntun Kì Í Gba Inú Ẹrẹ̀

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni? Ṣé ìyàwó rẹ ń gbádùn, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun yó, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ bá tẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀ o. Àwa náà wà níbí bí o ṣe fi wá sílẹ̀, àfi orúnkún mi ọ̀tún tó ń ké bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo, ìyá rẹ sì ní kì í ṣe orúnkún ló ń ké, pé oríkunkun ló wọ inú eegun.

Ọ̀rọ̀ táyà ni mo tìtorí rẹ̀ gbé bíírò. O mọ̀ pé píkọ́ọ̀pù yìí ni mo fi ń kó pákó láti sọ́ọ̀mìlì lọ fún ọ̀gá káfíńtà tó ń kan bẹ́ǹṣì ilé ìwé ní ìgboro, o sì mọ̀ pé ọ̀nà náà pín sí méjì: láti sọ́ọ̀mìlì dé oríta, ẹrẹ̀ àti òkúta ni, láti oríta dé ìgboro, ọ̀dà ni, ó ń dán bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó tuntun. Táyà àtijọ́ ti pá bí orí ọ̀gá ilé ìwé. Ọ̀gá káfíńtà sì ti là á mọ́lẹ̀ pé pákó gbọ́dọ̀ dé kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù, àti pé tí mo bá pẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, òun á gbé iṣẹ́ náà fún Baba Ṣakọ, onítípà tó ń wakọ̀ bí ẹni pé òun ló la títì. Iṣẹ́ yìí ló ń rán àbúrò rẹ níléèwé. Kò sí òmíràn.

Nígbà tí o fi àwòrán táyà mẹ́ta ránṣẹ́ sínú fóònù pé kí n mú ọ̀kan, mo ṣe ohun tí ẹni tó lọ́gbọ́n máa ń ṣe: mo gba rúlà lọ́wọ́ àbúrò rẹ, mo wọ̀n wọ́n. Èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ju ínṣì méjì lọ. Mo ní ṣé píkọ́ọ̀pù ni ọmọ mi fẹ́ ra bàtà fún ni àbí adìyẹ. Àbúrò rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀, mo ní kó dìde, pé mi ò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀.

O ní èyí ẹ̀kẹta ń gba orí ọ̀dà, ó sì ń gba inú ẹrẹ̀. Ara fu mí. Ẹni tó ń gbè lẹ́yìn ọkọ, tó tún ń gbè lẹ́yìn ìyàwó nínú ìjà kan ṣoṣo, ṣé a ò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni? Ṣùgbọ́n fọkanáísà tó ń lẹ táyà ní oríta là mí lóye. Ó ní táyà ọ̀dà kì í pariwo, ó ń dì mọ́ títì, ṣùgbọ́n tó bá ti dénú ẹrẹ̀, ọṣẹ ló ń dà. Ó ní táyà ẹrẹ̀ léyín gan-an, ṣùgbọ́n ó máa ń hó gèè lórí ọ̀dà, ọ̀dà á sì fá eyín rẹ̀ tán kíákíá. Èyí tó wà láàárín ló léyín níwọ̀n, ó ní àlàfo tó fi ń tu ẹrẹ̀ dànù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì nípọn tí òkúta ò fi ní tètè ya á. Ó ní ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ bá jẹ́ ìdajì-ìdajì bíi tèmi, òun ni kó rà, kó ṣáà wo ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé, torí pákó kì í ṣe òwú. Mo gbà.

Fọ́ọ̀mù tí ẹni tó ń ta táyà fi ránṣẹ́ náà, mo kọ ọ́. Wọ́n bi mí pé ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀nà mi ni kò ní ọ̀dà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n lọ bi ìjọba, torí àwọn ló mọ iye ọ̀dà tí wọ́n jẹ. Nígbà tí táyà dé sí oríta, mo rí nọ́ńbà gígùn kan lára rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù kí n lè dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Kò wọlé. Ó jọ pé ọwọ́ rẹ̀ dí.

Fọkanáísà wọ̀ wọ́n fún ọkọ̀, mo gùn ún, mo fẹ́ kọjú sílé. Mo wo ẹrẹ̀ níwájú, mo sọ̀ kalẹ̀ wo táyà, ó dúdú minimini, eyín rẹ̀ pé. Ọmọ mi, ta ló ń wọ bàtà tuntun wọnú ẹrẹ̀? Nígbà tí ìwọ fúnra rẹ ń lọ sílé ìwé gíga, ṣebí ọwọ́ lo fi ń gbé bàtà rẹ títí dé orí ọ̀dà, o ó fọ ẹsẹ̀, kí o tó wọ̀ ọ́? Kò sẹ́ni tó fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn. Mo wá wíìlì irin àlòkù mẹ́rin, mo fi táyà àtijọ́ sí wọn. Tí mo bá ń bọ̀ láti sọ́ọ̀mìlì, táyà àtijọ́ ló wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, tuntun á wà lórí pákó. Tí mo bá dé oríta, màá fi jáàkì gbé e, màá tú mẹ́rin àtijọ́, màá de mẹ́rin tuntun. Tí mo bá ń padà, bẹ́ẹ̀ náà ni. Fọkanáísà ká ọwọ́ lérí. Ó ní mo gba ọdẹ, mo wá ti ọdẹ mọ́ yàrá kí olè má baà lù ú. Mo ní òun kọ́ ló ra táyà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo pẹ́. Lọ́jọ́ kejì, mo tún pẹ́. Ọ̀gá káfíńtà ní ó ku ẹyọ kan.

Ìgbà náà ni o pè, tí o fi ohùn ọ́fíìsì sọ fún mi pé Bàbá, ẹrẹ̀ yẹn gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ rà á fún yín. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ náà ní jíìpù, mo rí i nínú fóònù, táyà rẹ̀ fẹ̀ bí odó, eyín rẹ̀ lè gun òkè, ó sì mọ́ ju àwo tí mo fi ń jẹun lọ. Ọ́fíìsì ló ń lọ, àti ibi tí ìyàwó rẹ ti ń ṣerun. Ọdún kẹta nìyí tí o ti ń sọ pé ọ̀nà ilé kò dára. Bí irú táyà yẹn bá ń sá fún ẹrẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ tó kàwé, kí ni tèmi ṣe fẹ́ láyà? Ọ̀dọ̀ rẹ ni mo ti kọ́ ọ.

Ní ìgbà kẹta, òjò ti bẹ̀rẹ̀ láti òwúrọ̀. A ò tíì kúrò ní sọ́ọ̀mìlì dáadáa tí táyà àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kan, ọkọ̀ ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn. Àwọn alábàárù tó jókòó lórí pákó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tì í títí, ẹrẹ̀ bò wọ́n dé ojú. Àfi bí Baba Ṣakọ ṣe dé, tó dúró lẹ́yìn wa, tó sọ̀ kalẹ̀. Ó kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní ẹ kú iṣẹ́ o Bàbá, ṣé kí òun bá mi gbé pákó yẹn dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, kí òun lè tètè mọ ilé, torí ọ̀la ò jìnnà.

Ìyá rẹ, tó bá mi jókòó níwájú torí ó fẹ́ lọ ra òwú ìránṣọ, ti ṣílẹ̀kùn ọkọ̀. Ó bọ́ sílẹ̀, ó so ìró rẹ̀ le, ó ní kí àwọn alábàárù ju táyà tuntun sílẹ̀. Mo ní àfi tí mo bá kú. Ó ní ìyẹn náà ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kó di ẹ̀yìn aago méjìlá. Wọ́n fi pákó tẹ́ abẹ́ jáàkì kó má baà rì, wọ́n tú ti àtijọ́, wọ́n de tuntun, ìyá rẹ sì ní kí wọ́n tú afẹ́fẹ́ táyà dànù díẹ̀, ó ní òun gbọ́ ọ lẹ́nu fọkanáísà. Mo tẹ iná mọ́ ọn. Ọmọ mi, ọkọ̀ náà jáde bí ewúrẹ́ tó rí ìlẹ̀kùn àká ní ṣíṣí! Gbogbo ẹrẹ̀ tó tu sẹ́yìn, ara Baba Ṣakọ ló gbà á. Ní oríta, a fẹ́ afẹ́fẹ́ padà sí i, a kò tú nǹkan kan, a kọjá lọ. Ọ̀gá káfíńtà wo aago, ó wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n máa sọ pákó kalẹ̀. Iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ wa.

Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé mo jẹ̀bi. Ohun tí mo ṣe dára, òjò ni kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Nígbà tí mo rí ẹrẹ̀ láàárín eyín táyà yẹn, tí òkúta ti ha á lára, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lálẹ́, kò padà di tuntun. Ìyá rẹ ti gbé mẹ́ta nínú àwọn ti àtijọ́ fún fọkanáísà, ó ti gbin ata sínú ọ̀kan tó kù.

Nítorí náà, fi owó táyà mẹ́rin mìíràn ránṣẹ́, irú kan náà gẹ́lẹ́. Mi ò ní lò wọ́n. Mo kàn fẹ́ ní èyí tó ṣì jẹ́ tuntun.

Ọlọ́run á pèsè fún ọ, ohun tí o bá fi òógùn rà kò ní bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, ẹni tó ń dúró de àṣìṣe rẹ, ẹ̀yìn rẹ ni yóò máa wà.

Èmi ni bàbá rẹ, tó dé kí aago méjìlá tó lù.